Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èrò Wa Lórí Àdéhùn Anìkàntà Fóònù

Àwọn baba wa tí ó sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, wọn kò fi ojú rí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn bá ọjà tẹlifóònù ayé òde òní mu rẹ́gí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ohun àjèjì sí yín pé kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi fóònù olówó ńlá ránṣẹ́ sí ilé, kí inú baba dùn, kí a fi káàdì síìmù ti ilẹ̀ wa sínú rẹ̀, kí fóònù sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò mọ káàdì náà rí. Ẹni tí ó rà á ti san owó, ẹni tí a fi ta lọ́rẹ ti dúpẹ́, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ó wà ní òkè òkun ṣì ń pàṣẹ lórí ohun tí ó ti tà. Ta ni ó fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́? Ó ha tọ́ bẹ́ẹ̀ bí? Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò ní oṣù yìí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ fóònù Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀nà àti omi kò tíì tó wa ní ilé. Èsì wa kò le. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Houston, ní Chicago, ní Maryland àti ní New York. Owó àárẹ̀ wọn wà nínú ọjà náà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí oníṣòwò ńlá bá dá àṣà kan ní ibì kan tí ó sì mú èrè wá fún un, kì í pẹ́ kí ó tó gbé e kọjá sí ilẹ̀ mìíràn. Ó sàn kí a mọ ojú rẹ̀ kí ó tó kan ìlẹ̀kùn wa.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé tàgbà tèwe, ẹ jẹ́ kí a ya àwọn mẹ́ta tí ọ̀ràn yìí kàn sọ́tọ̀. Èkíní ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe fóònù gan-an. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, tí ó ri òpó mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú tí ó sì ń gbé ohùn wa láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ̀kẹta ni gbogbo wa tí a ń ra fóònù tí a sì ń fi í sọ̀rọ̀. Ní ọjà tí àwa mọ̀, aláṣọ-òkè yóò hun aṣọ rẹ̀ tán, yóò gbé e lọ sí ọjà, ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá ká a yóò rà á, yóò sì gbé e fún télọ̀ tí ó bá wù ú. Àdéhùn anìkàntà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe fóònù àti ẹni tí ó ni òpó yóò jókòó pọ̀, wọn yóò sì pinnu pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó ti máa rí fóònù náà rà, àti pé òpó ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tí yóò san owó gbogbo rẹ̀, kò sí ní ìjókòó nígbà tí wọ́n ń dá májẹ̀mú náà.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni ti iPhone. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007 ni Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple, fi fóònù náà han ayé ní San Francisco. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún kan náà ni títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nẹ́tíwọ̀kì AT&T nìkan ni a yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Dọ́là 499 ni a ń ta èyí tí àyè inú rẹ̀ kéré, dọ́là 599 ni a ń ta èyí tí àyè inú rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn èyí olùrajà yóò tún fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa bá AT&T lò fún ọdún méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, AT&T a máa yọ díẹ̀ fún Apple nínú owó tí àwọn oníbàárà ń san lóṣooṣù. Báyìí ni ọ̀ràn rí títí di oṣù kejì ọdún 2011 kí Verizon tó rí iPhone tà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó kan Sprint, T-Mobile kò sì rí tirẹ̀ gbà títí di oṣù kẹrin ọdún 2013.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ṣe àdéhùn yìí, a kò sì ní gé e kúrú fún wọn.

Wọ́n ní Apple kò ṣe fóònù rí kí ó tó di ìgbà náà, àti pé ewu ńlá ni fún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sí ilé. Ní àkókò náà, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni ọ̀gá ní Amẹ́ríkà; àwọn ni ó ń pàṣẹ ohun tí fóònù gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Apple fẹ́ kí ohun gbogbo tí ó wà lórí fóònù náà wà ní ìkáwọ́ òun, ó sì fẹ́ kí a tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe kí ènìyàn lè rí orúkọ gbogbo àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè é, kí ó sì yan èyí tí ó wù ú láti kọ́kọ́ gbọ́. Ta ni yóò náwó sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé ní ọjọ́ kejì gbogbo aládùúgbò ni yóò máa ta fóònù kan náà? Wọ́n tún ní àdéhùn náà mú kí fóònù dínwó, nítorí pé ní oṣù keje ọdún 2008, dọ́là 199 ni a ń ta iPhone fún ẹni tí ó bá gbà láti bá AT&T lò fún ọdún méjì. Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé àwọn tí kò rí iPhone tà kò ká ọwọ́ lẹ́rán. T-Mobile gbé fóònù Android àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Verizon sì gbé Droid ti Motorola jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2009. Bí ó bá ṣe pé iPhone ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, bóyá Android kò ní tètè dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí ó bá sì sẹ́ ẹ kò ṣe ẹ̀tọ́. Ibi iṣẹ́ ẹni ni a ti ń jẹ. Ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ wéwu yẹ kí ó jèrè. Ṣùgbọ́n a ní láti béèrè pé èrè mélòó ni ó tó, fún ìgbà wo ni, àti láti inú àpò ta ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùrajà. Dọ́là 199 ọdún 2008 kì í ṣe ọrẹ. Owó tí a kò san ní ẹnu ọ̀nà ni a ń san ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí ìyókù owó fóònù náà farapamọ́ sínú owó oṣooṣù, ó sì ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé owó láti yọ ọ́ jáde. Bí ọkùnrin kan bá rí i láàárín ọdún méjì náà pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára ní àdúgbò òun, tí ó sì fẹ́ jáde, yóò san owó ìtanràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010 AT&T gbé owó ìtanràn yìí sókè láti dọ́là 175 sí dọ́là 325 fún irú àwọn fóònù wọ̀nyí. Ní ìlú New York àti ní San Francisco, àwọn ènìyàn kùn kíkankíkan ní àwọn ọdún náà pé ìpè ń já mọ́ àwọn lẹ́nu, nítorí pé èrò tí ó ń lo iPhone pọ̀ ju ohun tí òpó lè gbé lọ. Ní ọjà tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ní ti iPhone, kò sí ìsọ̀ kejì.

Àwọn tí ń gbé ìgbèríko ni ó jìyà jù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbòòrò, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó sì wà níbẹ̀ tí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò dé, tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré ti agbègbè wọn ni ó ń gbé ohùn wọn. Fún àgbẹ̀ tí ó ń gbé irú ibẹ̀, fóònù tuntun náà dà bí oúnjẹ tí a gbé sí orí àjà. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù wà lọ́jà, síbẹ̀ kò lè rà á kí ó sì wúlò fún un. Nígbà tí ó di ọdún 2008, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí FCC, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀ràn ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, pé kí ó wádìí àdéhùn anìkàntà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, àwọn Sẹ́nétọ̀ mẹ́rin, tí John Kerry jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé sí àjọ kan náà. Ní oṣù keje, Verizon kéde pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní oníbàárà 500,000 tàbí tí ó dín sí i, yóò lè rí fóònù tí òun nìkan ń tà gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ wò ó bí ìbẹ̀rù ìwádìí ti lè ṣí ọwọ́ ahun!

Ẹni tí ó bá rò pé oníṣòwò nìkan ni àdéhùn yìí ń ṣe lóore, kí ó wo ilé-iṣẹ́ Palm. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009 ni Palm gbé fóònù rẹ̀ tí a ń pè ní Pre jáde, ọ̀dọ̀ Sprint nìkan ni ó sì fi í sí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yin fóònù náà. Ṣùgbọ́n oníbàárà Sprint kéré sí ti Verizon àti ti AT&T, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ó fẹ́ràn Pre ni kò sì fẹ́ kúrò ní ibi tí wọ́n wà. Kí ọdún kan tó yípo, Palm ti ń wá ẹni tí yóò rà á. Ní ọdún 2010 HP rà á ní bílíọ̀nù dọ́là 1.2, nígbà tí ó sì di ọdún 2011 HP pa iṣẹ́ fóònù náà tì. A kò sọ pé àdéhùn anìkàntà nìkan ni ó pa Palm, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà, bí odò bá kún ní ọ̀nà náà, ilé ni yóò ti jókòó.

Ọ̀ràn títi fóònù pa ni ó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀. A lè gbà pé kí a ti fóònù pa nígbà tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ra iPhone ní ọdún 2007, tí wọ́n sì parí ọdún méjì wọn ní 2009, tí wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, AT&T kọ̀ láti ṣí i fún wọn títí di oṣù kẹrin ọdún 2012. Ẹni tí ó gbé irú rẹ̀ wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó kí ó lè fi bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, dígí lásán ni ó gbé wálé, àfi bí ó bá gbé e fún àwọn ọmọdékùnrin tí ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà kí wọ́n fi ọgbọ́n orí já àgádágodo náà. Ní ìparí ọdún 2012 ọ̀rọ̀ tún burú sí i: ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣe àkóso ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà pinnu pé fóònù tí a bá rà lẹ́yìn ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ẹni tí ó bá ṣí i láìgba àṣẹ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti rú òfin. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100,000 fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ààrẹ. Ilé Aṣòfin gbọ́, Ààrẹ Obama sì fi ọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2014 tí ó dá ẹ̀tọ́ náà padà fún olùrajà. Ilẹ̀ Kánádà lọ jù bẹ́ẹ̀: láti oṣù kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kò sí fóònù tí a gbọ́dọ̀ tà ní títì pa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi òfin de títà irú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2021.

Àwọn ará Faransé ti kọ́kọ́ lọ sí gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Orange nìkan ni a fi iPhone sí lọ́wọ́ níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2007. Bouygues Telecom pe ẹjọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìdíje òwò ní ilẹ̀ náà dá àdéhùn náà dúró, wọ́n ní ó ń dín agbára ìdíje kù. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Paris fara mọ́ ìdájọ́ wọn ní oṣù kejì ọdún 2009, kí oṣù kẹrin tó parí iPhone ti wà ní ìsọ̀ SFR àti ti Bouygues. Ǹjẹ́ Apple kú? Kò kú. Ǹjẹ́ Orange kó àgbà lọ sí ilé? Ó ṣì ń ta fóònù títí di òní. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìrírí yìí ṣàjèjì sí àwa ará ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà, tí United Africa Company àti Cadbury wà nínú wọn, di àdéhùn láàárín ara wọn lórí iye tí wọn yóò máa san, kí àgbẹ̀ má baà rí ẹni tí yóò fi owó kún owó fún un. Ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement dìde sí i ní ilẹ̀ wa, àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ láti ta kòkó wọn, ìjọba London sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní ọdún 1938, tí ó dá àdéhùn náà lẹ́bi. Nígbà náà olùrà ni ó di ọ̀nà ọjà. Ní ti fóònù, olùtà ni ó dì í. Ìyà kan náà ni.

Ìrírí wa pẹ̀lú fóònù gan-an sì tún jẹ́rìí sí i. Nígbà tí NITEL nìkan ni ó wà, tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń gba owó, bí ènìyàn tilẹ̀ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Nígbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tí ó ní ìṣẹ́jú àáyá ni òun yóò fi máa gba owó, àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e. Ìwàásù kọ́ ni ó yí wọn lọ́kàn padà. Ìsọ̀ kẹta tí ó ṣí ní ọjà ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 sì ni ẹni tí ó bá kúrò ní nẹ́tíwọ̀kì kan ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání lọ sí òmíràn. A dúpẹ́ pé fóònù tí a ń rà lọ́jà wa kì í sábà ní àgádágodo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń gba síìmù méjì. Nínú èyí, olùrajà Àgége ní òmìnira ju olùrajà New York ọdún 2009 lọ.

Ìdájọ́ wa ni yìí. A kò sọ pé gbogbo àdéhùn anìkàntà ni a gbọ́dọ̀ fi òfin dè. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí ó ń wá ẹsẹ̀ múlẹ̀ lè ṣe é, bí ọdún rẹ̀ bá kúrú tí a sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀ràn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ó ti kúrò ní èrè ewu, ó ti di anìkànjọpọ́n. Ìkejì, ẹni tí ó bá ti san gbèsè tán ni ó ni fóònù. Kí a ṣí i fún un ní ọjọ́ náà gan-an, láìgba owó. Ìkẹta, kí a kọ iye owó fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára owó nẹ́tíwọ̀kì, kí olùrajà lè mọ ohun tí ó ń san. Ìkẹrin, ibi tí òpó ilé-iṣẹ́ kan kò bá dé, kò ní ẹ̀tọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ta fóònù náà níbẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ẹ̀yin olóyè wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé obì àti owó wá sí ààfin lọ́la, pé òun fẹ́ ri òpó tàbí kí òun fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìlú tàbí ọjà tuntun, ẹ gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé òun nìkan ni kí ẹ fún ní àyè, ẹ ní kí ó dúró díẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ó mọ òfin kí wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wà lórí ìdíje òwò àti ààbò olùrajà, èyí tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ó sì kọ àdéhùn tí a ṣe láti dí ìdíje lọ́wọ́. Ẹ béèrè ọdún tí yóò fi wà, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò bá dára, ẹ sì béèrè ọ̀nà tí ìlú yóò gbà jáde. Owó tí ilé-iṣẹ́ fi lé ààfin lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ ni yóò máa san án padà lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, iṣẹ́ tiyín ni láti túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí èdè tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò yóò gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀nà tí ó wọ ọjà wa bá pọ̀, kí a jùmọ̀ ṣọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ dí gbogbo wọn ku ẹyọ kan, kí ó bá wa lójúfò.